Ṣé kí màámi máa jẹ iyọ̀ sí i nítorí jẹjẹrẹ?

Ìyá Ìbejì, Manchester: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Màámi wà ní Èbúté-Mẹ́ta, wọ́n ń gba ìtọ́jú jẹjẹrẹ ọyàn, ẹ̀jẹ̀ ríru sì ti wà lára wọn tipẹ́. Ẹnìkan fi ohùn ránṣẹ́ sí wọn lórí WhatsApp pé àwọn òyìnbó ti rí i pé iyọ̀ ń pa jẹjẹrẹ. Àbúrò mi ní wọ́n ti ń bu iyọ̀ sí ọbẹ̀ lórí tábìlì báyìí. Kí ni kí n sọ? Bí mo bá ní irọ́ ni, wọn ò ní gbọ́.

Bọ̀dá Kúnlé, Leipzig: Má pè é nírọ́, ó nídìí. Ní 2024, àwọn oníwádìí ní Jena, ní Jámánì níbí, àti àwọn kan ní Milan, ní Ítálì, gbé àbájáde iṣẹ́ wọn jáde nínú Nature Immunology, ìwé ìròyìn àwọn onísáyẹ́ǹsì. Sẹ́ẹ̀lì T wà lára ọmọ ogun ara tó ń pa sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ. Bí iyọ̀ bá pọ̀ láyìíká rẹ̀, á máa fa ṣúgà wọlé dáadáa, agbára á dé, á sì túbọ̀ mọ̀ ọ́n jà. Ṣùgbọ́n inú àwo ní yàrá ìwádìí àti lára eku ni wọ́n ti rí i. Wọn ò sọ pé kí aláìsàn kankan bu iyọ̀ kún ọbẹ̀. Àwọn tó ń fi ohùn ránṣẹ́ kì í kà á débẹ̀. Iyọ̀ àjẹjù ń gbé ẹ̀jẹ̀ ríru sókè, oúnjẹ oníyọ̀ púpọ̀ sì bá jẹjẹrẹ inú tan.

Àǹtí Bísí, Houston: Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí iyọ̀ àgbàlagbà má tó gíráàmù 5 lóòjọ́, kò ju ṣíbí tíì kan lọ, Mágì àti búrẹ́dì sì wà nínú ìṣirò yẹn o! Bẹ́ ẹ bá ń ra nǹkan ránṣẹ́ sílé, ẹ wo ara páálí. Ti UK ń kọ salt, tiwa níbí ń kọ sodium, èròjà kan tó wà nínú iyọ̀: ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 2.5 kẹ́ ẹ tó mọ iye iyọ̀. Kí àbúrò yín fi ata, àlùbọ́sà, ẹfinrin àti irú gbé ọbẹ̀ dìde. Tó bá ra irú l'Óyìngbò, kó bi ìyá tó ń tà á bóyá wọ́n ti fi iyọ̀ pa á mọ́, torí wọ́n máa ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ìyá Ìbejì: Ẹ ṣé, àǹtí mi. Mo ti ra iyọ̀ tí sodium rẹ̀ kéré, ó ti wà nínú báàgì tó ń lọ Èkó.

Nọ́ọ̀sì Dublin: Ẹ dúró ná! Pọtásíọ̀mù ni wọ́n sábà fi ń rọ́pò sodium nínú irú iyọ̀ yẹn. Bí Màmá bá ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru bíi losartan tàbí lisinopril, tàbí tí kíndìnrín wọn ò dáa tó, pọtásíọ̀mù lè pọ̀ jù lẹ́jẹ̀, ó sì lè da lílù ọkàn rú. Ẹ má sì ní kí wọ́n pa iyọ̀ tì pátápátá: bí èébì tàbí ìgbẹ́ gbuuru bá bá kẹ́mò, oògùn tó ń pa jẹjẹrẹ, wá, iyọ̀ ara lè lọ sílẹ̀. Dókítà wọn ni kó dá iye rẹ̀.

Ìyá Ìbejì: Losartan ni wọ́n ń lò! Mo ti yọ iyọ̀ náà kúrò nínú báàgì. Àbúrò mi á kó gbogbo páálí oògùn dání lọ́jọ́bọ̀ tí wọ́n bá ń lọ rí dókítà.

Bọ̀dá Kúnlé: Kó gbé fóònù Màmá dání náà, kí dókítà gbọ́ ohùn yẹn fúnra rẹ̀.