«Kókó» kọ́, «ojú» ni: lórí ọ̀rọ̀ fún ìbọ̀sẹ̀ híhun

Ẹ̀yin ará wa, ẹ kú iṣẹ́ o.

Àkójọ ọ̀rọ̀ tí ẹ̀gbọ́n wa fi ránṣẹ́ láti Ìkẹ́rẹ́, fún àwọn tó fẹ́ kọ́ bí a ṣe ń fi wúlù aláràbarà hun ìbọ̀sẹ̀ ìgbà ọyẹ́, ti dé ọwọ́ wa. Wọ́n ní kí a pe nítìn (knitting, fífi abẹ́rẹ́ hun òwú) ní «ìlọ́wùú», kí a pe ẹyọ kọ̀ọ̀kan tó wà lórí abẹ́rẹ́ ní «kókó», kí a sì máa pe wúlù ní «irun àgùntàn». Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, mi ò fara mọ́ ọ̀kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. «Kókó» ló burú jù.

Kókó kì í déédéé tú. Ohun tó wà lórí abẹ́rẹ́ kò ní kókó kankan nínú: òwú kan ṣoṣo ló ń ká kọ́rọ́, tí èyí tó tẹ̀ lé e ń gba inú rẹ̀ yọ. Ẹ yọ abẹ́rẹ́, kí ẹ fa òwú, gbogbo rẹ̀ á tú dé ìdí. Ẹni tí a bá kọ́ pé kókó ni, á máa fún un bí ẹni ń di ẹrù, abẹ́rẹ́ kò sì ní rí ibi wọ̀ nígbà tó bá yípo padà. Ibi tí ìbọ̀sẹ̀ àkọ́hun ti ń dojú rú jù nìyẹn. Kókó tòótọ́ wà nínú iṣẹ́ yìí, àmọ́ ohun tí à ń sá fún ni. Bí òwú bá tán ní àtẹ́lẹsẹ̀, ẹ má ta á ní kókó, torí bàtà á máa tẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹran ara. Ẹ jẹ́ kí ìdí ti àtijọ́ àti orí ti tuntun jọ rìn fún bíi ojú mẹ́fà, kí ẹ tó fi abẹ́rẹ́ ìránṣọ tọ ìyókù sínú.

Ẹ ti rí i pé mo ti lo ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́: «ojú». Apẹja ń sọ̀rọ̀ ojú àwọ̀n. Ojú lè fẹ̀, ó lè há, a lè kà á. «Ojú kan ti já» ni ẹnikẹ́ni á sọ bí ẹyọ kan bá bọ́ lórí abẹ́rẹ́ tí ihò sì ń sáré lọ sísàlẹ̀.

Ní ti «ìlọ́wùú», lílọ́ ni wọ́n ń lọ́ ọ kó tó di òwú rárá. Ẹ̀gbọ́n ní bí a bá pe nítìn ní híhun, a ó dà á pọ̀ mọ́ iṣẹ́ àwọn ìyá tó ń hun kíjìpá lórí òfì ní Èkìtì. Iṣẹ́ méjèèjì yàtọ̀ lóòótọ́: lórí òfì, òwú tó dúró àti èyí tí a ń gbé kọjá láàárín rẹ̀ ló ń dábùú ara wọn, ìdí nìyẹn tí kíjìpá kì í fi í nà. Ìbọ̀sẹ̀ gbọ́dọ̀ nà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kò ní kọjá gìgísẹ̀. Ṣùgbọ́n a ń hun ẹní, a ń hun agbọ̀n, kò sì sẹ́ni tó ń ṣì wọ́n gbọ́. Kóróṣè (crochet) ni ká yà sọ́tọ̀: abẹ́rẹ́ oníkọ̀ọ́ kan ni tirẹ̀, ojú kan ló sì sábà máa ń ṣí sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, nígbà tí gbogbo ojú ìbọ̀sẹ̀ wà ní ṣíṣí lórí abẹ́rẹ́.

Wúlù ńkọ́? Èyí tí wọ́n fi ń dirun lọ́jà Adó, acrylic ni, òwú tí a fi kẹ́míkà ṣe, kò sí ohun tó kan àgùntàn nínú rẹ̀. Ó rọrùn láti fọ̀, àwọ̀ rẹ̀ sì pọ̀, ó tó fún òwúrọ̀ ọyẹ́ ní Ẹ̀fọ̀n tàbí Òkè-Ìmẹ̀sí. Àmọ́ kì í fa òógùn mu, ó sì máa ń yọ́ nítòsí iná, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má wọ̀ ọ́ yáná. Ẹ jẹ́ kí «wúlù» dúró fún gbogbo wọn, kí «irun àgùntàn» jẹ́ ti àgùntàn nìkan. Òwú ìbọ̀sẹ̀ tó máa ń pẹ́ sábà jẹ́ irun àgùntàn ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún àti náílọ́ọ̀nù ìdá 25.

Ọ̀rọ̀ tí kò bá lè hun ìbọ̀sẹ̀ kan parí kò wúlò, ẹ jẹ́ ká fi tiwa dán an wò. Ká ní ẹsẹ̀ náà yípo ní sẹ̀ǹtímítà 22. Ìbọ̀sẹ̀ gbọ́dọ̀ kéré sí i díẹ̀ kó tó lè di ẹsẹ̀ mú, ká sọ pé 20. Bí òwú tó nípọn níwọ̀n àti abẹ́rẹ́ mìlímítà 3.25 bá fún yín ní ojú 24 nínú sẹ̀ǹtímítà 10, ojú 48 lẹ ó gbé sórí abẹ́rẹ́ láti bẹ̀rẹ̀. Ẹ pa abẹ́rẹ́ méjì pọ̀ nígbà tí ẹ bá ń gbé e, kí ẹnu ìbọ̀sẹ̀ má baà há. Ẹ pín in sórí abẹ́rẹ́ ẹlẹ́nu-méjì mẹ́rin, 12 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìkarùn-ún ló ń ṣiṣẹ́. Kí ẹ tó so ó ní òbírí, ẹ wò ó pé kò lọ́ níbì kankan. Bó bá lọ́, àfi kí ẹ tú u.

Ọrùn rẹ̀ jẹ́ ojú iwájú (knit) méjì, ojú ẹ̀yìn (purl) méjì, títí dé sẹ̀ǹtímítà 5. Ẹ̀gbọ́n pe ojú ẹ̀yìn ní «ìdákejì», àmọ́ ojú kan náà ni, ẹ̀yìn rẹ̀ là ń wò. Ẹni tó bá mọ èyí kò ní béèrè ìdí tí ìlà à-lọ-à-bọ̀ fi ń fẹ́ ojú ẹ̀yìn nígbà ìpadàbọ̀, tí ìyípo kò sì fẹ́ ẹ.

Fún abala tó bo ẹ̀yìn gìgísẹ̀, «ìlẹ̀kùn» tí ẹ̀gbọ́n dá lábàá dára gan-an. Ojú 24 ni, ìlà 24, kí ẹ máa fo ojú àkọ́kọ́ láìhun ún. Lẹ́yìn náà lẹ ó yí gìgísẹ̀: ẹ hun 14, ẹ pa méjì pọ̀, ẹ hun ọ̀kan, ẹ yí padà, ẹ fo ọ̀kan, ẹ hun ojú ẹ̀yìn 5, ẹ pa méjì pọ̀, ẹ hun ọ̀kan, ẹ yí padà. Lẹ́yìn èyí, ojú méjì tó wà lápá ọ̀tún àti òsì àlàfo tí yíyí padà dá sílẹ̀ ni kí ẹ máa pa pọ̀, títí ojú 14 á fi kù. Ẹ ṣa ojú 12 ní etí ìlẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fi ọ̀kan kún un ní igun, torí ibẹ̀ ni ihò ti máa ń yọ. Gbogbo rẹ̀, pẹ̀lú ojú 24 tó dúró níwájú, á di 64. Ẹ máa dín méjì kù ní ìyípo kan, kí ẹ hun èkejì lásán, títí á fi padà di 48. Bó bá ku sẹ̀ǹtímítà 5 kó tó dé orí ọmọ ìka, ẹ dín mẹ́rin kù bákan náà dé 24, lẹ́yìn náà ní gbogbo ìyípo dé 8, kí ẹ fi òwú gba inú wọn, kí ẹ fà á pa.

Èsì láti Adó:

Àǹtí, ẹ ṣé. Mo gba «ojú» tọwọ́tẹsẹ̀. «Pa pọ̀» ni mo fẹ́ bá yín jà lé lórí. «So pọ̀» ló yẹ, torí «pa» á dẹ́rù ba ọmọdé. Àmọ́ bí mo ṣe ń kọ ọ́ ni mo rí i pé «so» á dá kókó tí ẹ kọ̀ padà, torí náà ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀: a sáà ń pa owó pọ̀.

Ẹ ò sọ̀rọ̀ àwọ̀ tó. Fún àkọ́hun, ìlà-ìlà ni kó ṣe, kí gìgísẹ̀ àti orí ìka ní àwọ̀ tiwọn. Bí àwọ̀ bá yí, àtẹ̀gùn kékeré máa ń hàn níbi ìpàdé. Ẹ hun ìyípo àkọ́kọ́ pé, kí ẹ fo ojú àkọ́kọ́ nínú ìyípo kejì, á dọ́gba. Ẹni tó bá fẹ́ ọnà aláwọ̀ méjì nínú ìyípo kan, kí òwú tó ń fò lẹ́yìn má kọjá ojú 5, kí ó sì rọ̀. Bó bá le, ìbọ̀sẹ̀ á dúró ní ọrùn ẹsẹ̀, kò ní lọ sókè mọ́. Àbá mi fún òwú yẹn ni «ẹ̀yìn-ọnà». Kí ni tiyín?