Ẹja pọ́fà òkun kékeré nínú ilé ní Kàbà: kí ni mo gbọ́dọ̀ ní kí ó tó dé?

Olùkọ́ Kàbà béèrè:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi tí ẹ ń sin ẹja nínú ilé. Ẹ̀gbọ́n mi tí ń gbé ní Èkó fẹ́ kó lọ sí ilẹ̀ òkèèrè, ó sì ní kí n wá gba ẹja pọ́fà kékeré kan tí ó wà lọ́wọ́ òun. Ẹja òkun ni, kò gùn ju ìka ọwọ́ lọ. Ẹ̀gún wà ní gbogbo ara rẹ̀, tí í dùbúlẹ̀ pẹlẹbẹ nígbà tí ọkàn ẹja náà bá balẹ̀, tí í sì nà ró nígbà tí ó bá gbé omi mì títí tí gbogbo ara rẹ̀ fi rí rogodo. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń sin ẹja odò nínú àpótí gíláàsì tí ó gba lítà 100, ṣùgbọ́n n kò sin ẹja òkun rí.

Ohun tí ó ń kọ mí lóminú ni pé Kàbà jìnnà sí òkun. Omi kànga ẹlẹ́rọ ni à ń lò nílé. Mo rò pé mo lè po iyọ̀ tí a fi ń se ọbẹ̀ mọ́ omi náà títí yóò fi níyọ̀ tó omi òkun, tàbí kí n máa gbé omi òkun wá láti Èkó nínú kẹ́ẹ̀gì. Èwo nínú méjèèjì ni ẹ rò pé ó dára? Ǹjẹ́ àpótí mi tó? Kí ni ẹja náà ń jẹ tí mo lè rí rà ní ọjà wa? Bàbá mi tún gbọ́ pé ẹja yìí ní májèlé, àwọn ọmọdé sì wà nínú ilé, nítorí náà wọ́n ní kí n wádìí ọ̀rọ̀ náà dáadáa kí n tó gbé e wọlé.

Aṣọ́mi dáhùn:

Àbúrò, o káre tí o béèrè kí ẹja náà tó dé. Orí omi ni n ó ti bẹ̀rẹ̀, nítorí ẹni tí ó bá fẹ́ sin ẹja òkun ní Kàbà, omi ni yóò kọ́kọ́ máa sìn.

Iyọ̀ ọbẹ̀ kò lè ṣe iṣẹ́ yìí. Sodium àti chloride ló fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀. Lóòótọ́, àwọn méjèèjì ló kó bí ìdá 85 nínú 100 gbogbo iyọ̀ tí ó wà nínú omi òkun, ṣùgbọ́n magnesium, calcium, potassium àti àwọn mìíràn wà nínú ìyókù, ara ẹja òkun kò sì lè ṣe aláìní wọn. Iyọ̀ tí wọ́n ṣe fún àpótí ẹja òkun ni kí o rà lọ́wọ́ àwọn tí ń ta ohun èlò ẹja ní Èkó tàbí Àbújá. Bíi gíráàmù 35 ni yóò wọ lítà omi kan. Ra ẹ̀rọ tí a fi ń wọn iyọ̀ inú omi pẹ̀lú, kí o sì rí i pé ohun tí ó ń kà, ìyẹn bí omi náà ṣe wúwo sí omi tí kò níyọ̀, wà láàárín 1.023 sí 1.025, torí pé ahọ́n ènìyàn kò lè wọn iyọ̀ fún ẹja.

Ní ti omi inú kẹ́ẹ̀gì, omi tí ó súnmọ́ ìlú Èkó jù ni omi ọ̀sà, omi ọ̀sà kì í sì í ṣe omi òkun. Odò ń ṣàn sínú rẹ̀, òjò ń dín iyọ̀ rẹ̀ kù, ìdọ̀tí ìlú ńlá náà sì ń bọ́ sínú rẹ̀ lójoojúmọ́. Ká tilẹ̀ sọ pé o rí omi òkun tí ó mọ́, ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni a máa ń pààrọ̀ apá kan omi àpótí. Ta ni yóò máa ru kẹ́ẹ̀gì láti Èkó dé Kàbà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀?

Kí o tó po iyọ̀ mọ́ omi kànga yín, jẹ́ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Òkúta tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ńtì ni wọ́n ń wà ní Ọ̀bàjánà, irin wà nínú ilẹ̀ ní àgbègbè Lọ́kọ́ja, nítorí náà ohun tí omi ilẹ̀ gbé wá ní ìpínlẹ̀ wa kì í bára mu láti àdúgbò kan sí èkejì. Calcium inú omi kì í ṣe ọ̀tá ẹja òkun, ṣùgbọ́n bàbà, irin àti nitrate lè ṣe é ní jàǹbá. Omi òjò dára bí kò bá ti orí páànù ṣàn wá, nítorí zinc ara páànù àti eruku tí ọyẹ́ kó jọ sórí òrùlé yóò bá a wọlé. Àwọn ilé iṣẹ́ omi inú ọ̀rá kan ní ẹ̀rọ asẹ́ tí ń yọ èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tó yọ́ sínú omi kúrò. Bí o bá rí irú wọn nítòsí, bá wọn dúnàádúrà kí wọ́n máa rọ ọ́ sínú kẹ́ẹ̀gì fún ọ. Èmi fara mọ́ ọ̀nà yìí ju gbogbo èyí tó kù lọ.

Lítà 100 kò tó. Pẹ̀lú bí o ṣe ṣàpèjúwe ẹ̀gún rẹ̀, ó jọ èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Diodon holocanthus, tí ó lè gùn tó sẹ̀ǹtímítà 50 nínú òkun. Nínú ilé kì í sábà tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n yóò tóbi ju ohun tí àpótí rẹ lè gbà. Lítà 450 ni kí o fi ọkàn sí. Bí o bá ṣírò rẹ̀, àpótí bẹ́ẹ̀ yóò gba iyọ̀ tí ó tó kílò 16 ní ìbẹ̀rẹ̀, omi inú rẹ̀ nìkan yóò sì wúwo ju kílò 450 lọ. Tábìlì yàrá ìgbàlejò kò lè gbé e. Àfi kí o mọ bíríkì sí abẹ́ rẹ̀ tàbí kí o ní kí aláwẹ́dà ṣe ìjókòó irin.

Lẹ́yìn tí omi bá wà nínú àpótí, má tíì fi ẹja sí i. Amóníà ni ẹja máa ń tú jáde láti ara rẹ̀, pàápàá láti inú ìjàgbọ̀n tí ó fi ń mí, amóníà náà ni yóò sì yí padà pa á bí kò bá sí ohun tí yóò jẹ ẹ́. Àwọn bakitéríà kan wà tí ń sọ amóníà di nitrite, àwọn mìíràn ń sọ nitrite di nitrate. Ara òkúta, yanrìn àti asẹ́ omi ni wọ́n ń gbé, ó sì sábà máa ń tó ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 kí wọ́n tó pọ̀ tó. Fi ẹran edé díẹ̀ sínú àpótí òfìfo náà kí ó jẹrà, kí wọ́n lè rí oúnjẹ jẹ, kí o sì máa fi ohun èlò ìyẹ̀wò yẹ omi náà wò. Ìgbà tí amóníà àti nitrite bá ti di òdo, tí nitrate nìkan ṣẹ́kù, ni àpótí tó gba ẹja. Nitrate yẹn, pípààrọ̀ omi ìdá 10 sí 20 nínú 100 lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni yóò máa gbé e lọ. Pọ́fà máa ń jẹun púpọ̀, ó sì máa ń da èérún oúnjẹ káàkiri, nítorí náà má ṣe fojú fo ẹ̀rọ tí ń mú omi hó bí omi ọṣẹ, tí ó sì ń fi ìhó náà kó ìdọ̀tí dànù.

Ìyá Ìsánlú dáhùn:

Mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ Aṣọ́mi lórí omi àti iyọ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n ta kò wọ́n díẹ̀ lórí àpótí. Ẹja tí kò ju ìka ọwọ́ lọ lè bẹ̀rẹ̀ nínú lítà 200, níbi tí ẹ ti lè máa rí i dáadáa bóyá ó ń jẹun tàbí kò jẹun, kí ẹ sì máa tọ́jú owó àpótí ńlá pamọ́.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni mo fẹ́ dúró lé lórí, nítorí eyín rẹ̀. Eyín ẹja yìí kì í yé hù. Àwọn pọ́fà tí ara wọn kò ní ẹ̀gún gígùn ní eyín mẹ́rin tó so pọ̀ bí àgógó, méjì lókè, méjì nísàlẹ̀. Ti ẹlẹ́gùn-ún bíi tiyín so pọ̀ di ẹyọ kan lókè àti ẹyọ kan nísàlẹ̀. Bí kò bá rí ohun líle rún, eyín náà yóò gùn títí tí kò fi ní lè la ẹnu jẹun mọ́, àfi kí ẹni tí ó mọ iṣẹ́ bá a gé e. Nítorí náà, ẹ má ṣe bó edé fún un: ti èèpo ti èèpo ni kí ẹ fún un. Alákàn kéékèèké àti ìṣáwùrú náà dára, ẹ lè rí ìṣáwùrú lọ́wọ́ àwọn tí ń ṣà á létí odò, ṣùgbọ́n ẹ bi wọ́n bóyá odò náà ṣàn gba oko tí wọ́n ń fín oògùn sí kọjá. Ẹ fọ̀ wọ́n, ẹ kó wọn sínú fíríìsà, kí ẹ sì máa yọ wọ́n díẹ̀díẹ̀. Edé gbígbẹ tí wọ́n ti fi èéfín yan, tí a fi ń se ọbẹ̀, kì í ṣe oúnjẹ rẹ̀.

Ẹ má ṣe dúró lórí oúnjẹ kan ṣoṣo. Nínú àwọn ẹja àti edé kan ni èròjà kan wà tí ń ba fítámì B1 jẹ́, àwọn tí ń sin pọ́fà sì gbà pé àìtó fítámì yìí wà lára ohun tí ń mú kí ẹnu rẹ̀ há. Ẹ máa pààrọ̀ oúnjẹ, kí ẹ sì máa kán fítámì sí i lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

Ẹja kékeré lè jẹun lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́, títí ikùn rẹ̀ yóò fi yọ díẹ̀. Kò ní í gbà pé òun ti yó o! Yóò dá ẹni tí ń bọ́ ọ mọ̀, yóò wá dúró ní ojú gíláàsì máa wò yín bí ọmọ tí wọn kò fún lóúnjẹ láti àná. Ẹ má ṣe ṣàánú rẹ̀, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọdé ki ọwọ́ bọ inú omi, nítorí ẹnu tí ń fọ́ ìkarawun kò ní í dá ìka ọmọ mọ̀ yàtọ̀. Òun nìkan ni kí ó máa gbé. Yóò gé lẹ́bẹ́ ẹja mìíràn jẹ, ó sì dájú pé yóò jẹ alákàn àti ìgbín òkun tí ẹ bá fi ṣe ọ̀ṣọ́.

Olùkọ́ Kàbà:

Mo dúpẹ́ gidigidi lọ́wọ́ yín, ẹ̀yin àgbà mi. Mo ti sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé kí wọ́n fún mi láàyè díẹ̀ sí i. Ohun méjì ló kù tí mo fẹ́ béèrè: iná mànàmáná wa tí kì í dúró, àti ooru inú ẹ̀ẹ̀rùn.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ẹ̀gbẹ́ dáhùn:

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, ọ̀gá olùkọ́. Ooru léwu ju bí ènìyàn ṣe rò lọ, nítorí bí omi bá ṣe ń gbóná sí i ni ọ́síjìn tí ó lè gbà ń dín kù, omi iyọ̀ sì ti kéré sí omi odò nínú èyí tẹ́lẹ̀. Dígírì 24 sí 27 ni ẹja yìí ń fẹ́, bẹ́ẹ̀ ẹ mọ bí oṣù kejì àti oṣù kẹta ṣe ń rí ní ọ̀dọ̀ wa. Ẹ gbé àpótí náà jìnnà sí ògiri tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń gbá, kí ẹ sì kọ fáànù kékeré sí ojú omi, nítorí omi tí ń gbẹ lọ ń gbé ooru lọ pẹ̀lú rẹ̀. Ṣùgbọ́n omi nìkan ló ń gbẹ lọ, iyọ̀ kì í bá a lọ. Nítorí náà omi tí kò níyọ̀ ni kí ẹ máa fi dí ohun tó bá dín kù. Bí ẹ bá ń fi omi oníyọ̀ dí i, iyọ̀ yóò máa ga sí i lójoojúmọ́. Ní òru ọyẹ́, ẹ wo tẹmọ́mítà kí ẹ lè mọ̀ bóyá ẹ nílò ẹ̀rọ amúmigbóná.

Nígbà tí iná bá lọ, atẹ́gùn ni kí ẹ kọ́kọ́ rò. Pọ́ǹpù atẹ́gùn tí ń lo bátìrì kò wọ́n púpọ̀, ẹ ra méjì. Àwọn bakitéríà inú asẹ́ náà nílò ọ́síjìn: bí asẹ́ tí a dé pa bá dúró fún wákàtí púpọ̀, ẹ tú omi inú rẹ̀ dànù kí ẹ tó tún un tàn, kí omi jíjẹrà náà má baà wọ inú àpótí. Bí ẹ bá ní ínfátà tàbí páńẹ́lì oòrùn, pọ́ǹpù àti asẹ́ ni kí ẹ so mọ́ ọn ṣáájú tẹlifíṣàn.

Ẹ sọ fún bàbá pé òótọ́ ni wọ́n gbọ́. Tetrodotoxin ni wọ́n ń pe májèlé náà, onímọ̀ ará Japan kan, Yoshizumi Tahara, ló sọ ọ́ lórúkọ yìí ní 1909. Bakitéríà ló ń ṣe é. Nínú ẹ̀dọ̀, ilé ẹyin àti awọ àwọn pọ́fà púpọ̀ ló sì máa ń pọ̀ sí jù. Iná ìdáná kì í pa á, kò sí oògùn tí ń yọ ọ́ lára, àfi kí ilé ìwòsàn máa bá ènìyàn mí títí agbára májèlé náà yóò fi rọlẹ̀. Ẹja tí ń lúwẹ̀ẹ́ nínú àpótí kò ní í fi í ṣe ẹnikẹ́ni níbi. Jíjẹ ẹ́ ni ewu. Bí ó bá kú, ẹ rì í mọ́lẹ̀ jinlẹ̀ kí ajá àti adìẹ má baà hú u. Ìkìlọ̀ yìí kan ti odò Ọya pẹ̀lú, nítorí pọ́fà kan wà níbẹ̀, Tetraodon lineatus. Ẹja odò ni ìyẹn, kò lè gbé inú omi tiyín.

Bí ara ẹja náà bá yọ àmì kéékèèké funfun bí iyọ̀, ẹ má ṣe da oògùn tó ní bàbà sínú omi, torí pọ́fà kì í fara da bàbà dáadáa. Ẹ gbé e lọ sínú àpótí mìíràn, kí ẹ sì pe dókítà ẹranko tó mọ ẹja.

Aṣọ́mi dáhùn:

Ìyá wa Ìsánlú, mo gbọ́ yín lórí lítà 200, ṣùgbọ́n mo ti rí i pé owó àpótí ńlá tí a ń tọ́jú pamọ́ kì í pẹ́ di owó ilé ìwé àwọn ọmọ. Olùkọ́, ìwọ lo mọ àpò rẹ.

Ní ti ìrìn-àjò, kí ẹ̀gbọ́n rẹ má ṣe bọ́ ọ ní ọjọ́ tí ó ṣáájú. Kí ó má ṣe fi àwọ̀n gbé e. Ìkòkò tàbí ike ni kí ó rì sínú omi kí ẹja náà wọ inú rẹ̀, nítorí bí wọ́n bá gbé e jáde tí ó sì wú, atẹ́gùn ni yóò gbé mì dípò omi, ó sì lè má rí i tú jáde. Ọ̀nà Ọ̀wọ̀ àti Ìkàrẹ́ gùn, kí ọ̀rá náà wà nínú kúlà tí a dé. Bí ó bá dé, jẹ́ kí ọ̀rá léfòó lórí omi ní dídì kí ooru wọn dọ́gba. Ṣùgbọ́n tí o bá ti lè tú u, má fi falẹ̀: afẹ́fẹ́ tí ẹja mí jáde yóò sá lọ, amóníà tí ó ti kó jọ lọ́nà yóò sì di májèlé gan-an lójú ẹsẹ̀. Má da omi ọ̀rá sínú àpótí. Pa iná àpótí náà títí di ọjọ́ kejì kí o tó fi edé lọ̀ ọ́.

Bí ẹ̀gbọ́n rẹ bá sì ń kánjú ju omi rẹ lọ, bẹ̀ wọ́n kí wọ́n dá ẹja náà padà sọ́dọ̀ ẹni tó tà á fún wọn fún ìgbà díẹ̀, títí nitrite rẹ yóò fi di òdo.