Báwo ni mo ṣe lè dènà àrùn fáírọ́ọ̀sì nínú ọ̀sìn edé odò?

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin olùsìn ẹja. Ẹja àrọ̀ ni mo ń sìn ní agbègbè Mọ́níyà, Ìbàdàn, mo sì fẹ́ ya adágún kan sọ́tọ̀ fún edé ńlá inú omi tí kò níyọ̀, nítorí pé òkun jìnnà sí wa.

Àrùn tí fáírọ́ọ̀sì ń fà ni ó ń kọ mí lóminú. Àrùn àmì funfun lè pa edé òkun inú adágún kan tán láàárín ọjọ́ 3 sí 10, kò sì sí oògùn tí ó ń wò ó. Akàn àti edé odò lè gbé e láìfi àìsàn hàn, nítorí náà ojú lásán kò lè dá a mọ̀. Èyí tí ó kàn mí jù ni àrùn ìrù funfun, tí ìyá edé lè ta látaré sí ọmọ rẹ̀, tí ó sì lè run ọmọ edé wẹ́wẹ́ láàárín ọjọ́ díẹ̀.

Ǹjẹ́ ẹnì kan mọ yàrá àyẹ̀wò nítòsí Ìbàdàn tí ó lè fi PCR, ìyẹn àyẹ̀wò tí ó ń wá ohun àbùdá fáírọ́ọ̀sì, yẹ ọmọ edé wò kí n tó rà á? Mo ti pinnu láti gbẹ adágún náà, kí n da láìmù (ìyẹ̀fun òkúta ẹfun, kì í ṣe ọsàn wẹ́wẹ́) sí i, kí n sì ya àwọ̀n rẹ̀ sọ́tọ̀ pátápátá. Àwọn kan ní kí n kó ọmọ edé láti inú odò nítorí pé ó dínwó, ṣùgbọ́n ní tèmi, ewu rẹ̀ ju èrè rẹ̀ lọ. Báwo ni ojú àwọ̀n tí a fi ń sẹ́ omi ṣe gbọ́dọ̀ kéré tó, ọjọ́ mélòó sì ni ẹ fi ń ya ọmọ edé tuntun sọ́tọ̀?