Elégédé àjogúnbá tó máa pẹ́ nílẹ̀ di wíńtà: èwo ni kí n gbìn sẹ́yìn ilé ní Maryland?

ỌgbàBowie

Ẹ kú iṣẹ́ ọgbà o, ẹ̀yin èèyàn mi. Àyè kan wà lẹ́yìn ilé wa ní Bowie, ẹsẹ̀ bàtà 12 ní ìbú, 20 ní gígùn. Oòrùn ń ta síbẹ̀ láti àárọ̀ di nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, àmọ́ ilẹ̀ ibẹ̀ lámọ̀ díẹ̀. Elégédé ni mo fẹ́ fi síbẹ̀, irú èyí tí a lè ká ní ìparí sọ́mà, ká sì máa jẹ ẹ́ lọ títí di oṣù kejì, oṣù kẹta. Irúgbìn àjogúnbá ni mo fẹ́, kì í ṣe F1 (àmúlùmálà tí irúgbìn rẹ̀ kì í jọ ìyá rẹ̀), kí n lè máa gba irúgbìn pa mọ́ fúnra mi. Ẹ̀wẹ̀, kí ara rẹ̀ gbẹ díẹ̀, kó ṣeé fi se àsáró láìsọ ìkòkò di omi.

Orúkọ tó wà lọ́wọ́ àwọn tó ń ta irúgbìn ti pọ̀ jù fún mi: Hubbard, Butternut, Buttercup, Acorn, Seminole, Candy Roaster, Cheese. Èwo ni kí n mú, ìgbà wo ni kí n sì gbìn ín? Àwọn aládùúgbò tún ń sọ nípa kòkòrò kan tó ń wọ inú ìtàkùn tí gbogbo rẹ̀ á fi rọ lójijì. Ṣé irúgbìn láti Nàìjíríà náà lè so níbí?

Àgbẹ̀Baltimore

Ẹ kú iṣẹ́. Kí ẹ tó wo orúkọ, ẹ kọ́kọ́ wo ìdílé tó ti wá. Elégédé tí à ń kó pamọ́ fún wíńtà pín sí ìdílé mẹ́ta tó ṣe pàtàkì: Cucurbita pepo, Cucurbita maxima àti Cucurbita moschata. Acorn àti Delicata wà nínú pepo. Hubbard, Buttercup, Candy Roaster àti Jarrahdale wà nínú maxima. Butternut, Seminole, Long Island Cheese àti Musquée de Provence wà nínú moschata.

Kòkòrò tí àwọn aládùúgbò yín ń sọ, squash vine borer, ló jẹ́ kí ìdílé ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀ ní Maryland. Ìtàkùn maxima àti ti pepo sanra, ó rọ̀, inú rẹ̀ sì ṣófo, ìdin kòkòrò náà á kàn wọlé ni. Ìtàkùn moschata le, inú rẹ̀ kún, ìdin kì í fi bẹ́ẹ̀ ráyè wọ̀ ọ́. Ó lè kàn án o, àmọ́ ó ṣọ̀wọ́n kó pa á. Nítorí náà, moschata ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀.

Nínú wọn, Waltham Butternut ni kí ẹ kọ́kọ́ rà. Ó gba ẹ̀bùn All-America Selections, ẹgbẹ́ tó ń dán irúgbìn tuntun wò ní Amẹ́ríkà, ní 1970. Èso rẹ̀ máa ń wọ̀n tó pọ́n-ùn 3 sí 6, ó ń gba bí ọjọ́ 105 láti ìgbà gbígbìn. Ọrùn rẹ̀ kún fún ẹran-ara, inú ìsàlẹ̀ nìkan ni irúgbìn wà, kò sì ṣòro láti bó. Long Island Cheese pẹ̀tẹ́, àwọ̀ rẹ̀ bí awọ tí wọ́n ti pa láró fẹ́ẹ́rẹ́, ó sì tóbi jù ú lọ. Seminole ni àwọn ará Seminole ní Florida ti ń gbìn láti ọjọ́ tó ti pẹ́: èso rẹ̀ kéré, èèpo rẹ̀ le gan-an, ooru àti ọ̀rinrin kò bà á lẹ́rù, bí a bá sì tọ́jú rẹ̀ dáadáa ó lè tó ọdún kan kó tó bàjẹ́. Wàhálà rẹ̀ ni pé ìtàkùn rẹ̀ máa ń nà kọjá ẹsẹ̀ bàtà 25. Nínú àyè yín, Seminole kan ṣoṣo á gba ìdajì ilẹ̀, yóò sì gun fẹ́ǹsì lọ bá aládùúgbò. Acorn ẹ fi í sílẹ̀. Oṣù kan sí méjì ni ìgbà tó fi ń dára nílẹ̀, kò lè dé oṣù kejì ọdún tí ẹ ń wí.

Ẹ má kánjú gbìn. Hóró elégédé máa ń jẹrà nínú ilẹ̀ tútù. Ẹ dúró kí ilẹ̀ móoru dé dígírì 65 sí 70 ti Fahrenheit ní ìjìnlẹ̀ ínǹṣì 2. Lọ́dọ̀ yín, àárín oṣù karùn-ún sí ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ oṣù kẹfà nìyẹn. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò: ẹni tó gbin Butternut ní 1 oṣù kẹfà, á ká a ní nǹkan bí 15 sí 20 oṣù kẹsàn-án, ìrì dídì kò tíì dé nígbà yẹn.

Nítorí amọ̀ yẹn, ẹ kọ ebè. Kí ebè kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 2, kó ga tó ínǹṣì 6 sí 8, kí ẹ sì po ìdajì garawa ajílẹ̀ tó ti jinná mọ́ iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀. Àlàfo ẹsẹ̀ bàtà 5 sí 6 láàárín ebè sí ebè. Ebè mẹ́rin ni àyè yín lè gbà bó bá jẹ́ Butternut, kí ẹ má sì jẹ́ kí ojú kòkòrò sún yín dé mẹ́fà. Hóró mẹ́rin sí ebè kan, ìjìnlẹ̀ ínǹṣì 1. Nígbà tí wọ́n bá ti ní ewé gidi méjì, ẹ fi síkásọ̀ gé àwọn tó rù, ẹ fi méjì tó dára jù sílẹ̀. Ẹ má fà wọ́n tu, gbòǹgbò wọn máa ń lọ́ mọ́ra, èyí tí ẹ fẹ́ fi sílẹ̀ á bá a lọ.

Ìgbẹ́ adìyẹ tútù àti ajílẹ̀ oní-náítírójìn púpọ̀ ni kì í jẹ́ kí elégédé àwọn kan so. Ewé á tóbi, ìtàkùn á máa lọ, òdòdó abo á sì ṣọ̀wọ́n. Omi ínǹṣì 1 lọ́sẹ̀ tó. Ìdí ìtàkùn ni kí ẹ máa da á sí, lówùúrọ̀, ẹ má da á sórí ewé. Ìyẹ̀fun funfun tó máa ń bo ewé ní ìparí sọ́mà ń kọ́kọ́ mú ewé àtijọ́, bó bá sì jẹ́ pé èso ti gbó nígbà yẹn, ẹ má fi í ṣe ìyọnu.

ÌyáÀtàntà

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Mo gbà lórí moschata, àmọ́ ibi tí mo ti fẹ́ yà díẹ̀ nìyí: ẹni tó béèrè ní òun fẹ́ ara tó gbẹ. Butternut dùn, ó sì máa ń kúnná, ṣùgbọ́n omi rẹ̀ pọ̀ ju ti Buttercup lọ. Buttercup ni ẹni tó ń se àsáró ń wá. Èèpo rẹ̀ aláwọ̀ ewé, ìdí rẹ̀ ní fìlà róbótó kan, ara rẹ̀ gbẹ bí ọ̀dùnkún. Maxima ni, borer á sì fojú sí i, àmọ́ ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ṣọ́ lè jẹ ẹ́. Ebè kan ni kí ẹ fi dán an wò, kí mẹ́ta yòókù jẹ́ Butternut.

Kòkòrò náà kì í fò lóru bí àfòpiná yòókù, ojúmọmọ ló ń fò. Ikùn rẹ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú pẹ̀lú àmì dúdú, ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n á pè é ní agbọ́n. Ní Maryland, oṣù kẹfà ló sábà máa ń jáde láti inú ilẹ̀. Ó ń yé ẹyin níkọ̀ọ̀kan sí ìdí ìtàkùn: pẹlẹbẹ ni, kékeré, àwọ̀ rẹ̀ bíi ti kọfí. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, ẹyin á pa, ìdin á sì lu ihò wọ inú ìtàkùn. Láti ìgbà náà, oògùn tí ẹ bá fọ́n sójú kò ní bá a mọ́.

Èyí tó dájú jù ni aṣọ fẹ́lẹ́ tí wọ́n ń pè ní row cover. Ọjọ́ tí ẹ bá gbìn ín ni kí ẹ ti bò ó, kí ẹ fi iyẹ̀pẹ̀ tẹ gbogbo etí aṣọ mọ́lẹ̀. Ọjọ́ tí ẹ bá rí òdòdó abo àkọ́kọ́ ni kí ẹ ká a kúrò, nítorí oyin gbọ́dọ̀ wọlé. Ìkìlọ̀ kan: ibi tí elégédé tàbí zucchini wà lọ́dún tó kọjá kò yẹ kí ẹ tún fi aṣọ bò, nítorí kòkòrò tó sùn sínú ilẹ̀ lákòókò òtútù á jáde sábẹ́ aṣọ gan-an, ẹ ti fún un ní ilé àti oúnjẹ nìyẹn.

Bí ẹ bá ti ká aṣọ, ẹ máa yẹ ìdí ìtàkùn wò lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, kí ẹ fi èékánná ha ẹyin kúrò. Ẹ tún fi iyẹ̀pẹ̀ bo oríkèé ìtàkùn ní ibi méjì tàbí mẹ́ta. Oríkèé yẹn á ta gbòǹgbò tirẹ̀, bí ìdin bá tilẹ̀ jẹ ìdí tán, apá yòókù á ṣì máa mu omi.

Ewé tó bá rọ ní ọ̀sán tó sì gbérí ní ìrọ̀lẹ́, oòrùn ló mú un. Èyí tó bá rọ tí kò gbérí mọ́, ẹ wo ìdí rẹ̀. Bí ẹ bá rí ohun tó jọ ìyẹ̀fun pákó tí wọ́n fi ayùn rẹ́, ìdin ti wà nínú. Ẹ fi ọ̀bẹ mímú la ìtàkùn ní gígùn rẹ̀, ẹ má gé e ní ìbú, ẹ yọ ìdin, èyí tó lè ju ẹyọ kan lọ, ẹ pa ojú rẹ̀ dé, kí ẹ sì kó iyẹ̀pẹ̀ tútù bò ó. Bí ẹ bá tètè bá a, yóò yè.

Àti Hubbard yẹn, pàápàá Blue Hubbard, ẹ jọ̀ọ́. Ó dùn, ó tóbi, ó sì ń pẹ́ nílẹ̀, àmọ́ kòkòrò fẹ́ràn rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn àgbẹ̀ fi ń gbìn ín sí etí oko bí ìdẹ kí kòkòrò lè fi ti inú oko sílẹ̀. Ẹni tó ní ebè mẹ́rin péré kò nílò ìdẹ. Candy Roaster, èyí tí àwọn Cherokee gbìn títí ó fi di ti apá Georgia àti Carolina, maxima lòun náà, ó sì ń gba àyè. Ẹ fi í sí ọdún tó ń bọ̀.

ỌgbàBowie

Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣé, ìyá wa. Bí mo bá gbin Butternut mẹ́ta àti Buttercup kan pọ̀, ṣé irúgbìn wọn kò ní dàrú? Àti pé ẹ ò tíì dáhùn ti Nàìjíríà.

Onírúgbìn

Kò ní dàrú láàárín ara wọn. Moschata àti maxima kì í sábà bá ara wọn ṣe é. Ohun tó ń da irúgbìn rú ni irú méjì láti inú ìdílé kan náà, bíi Butternut pẹ̀lú Seminole. Irú kan nínú ìdílé kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ gbìn. Àmọ́ oyin ń fò dé ìdajì máìlì àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, bí aládùúgbò bá gbin moschata mìíràn, irúgbìn yín lè di àmúlùmálà. Èso ọdún yìí kò ní yí padà nítorí rẹ̀ o. Irúgbìn inú rẹ̀ ni, ọdún tó ń bọ̀ ni ẹ máa rí i.

Ọwọ́ ni ẹ óò fi ṣe é tí ẹ bá fẹ́ kó dájú. Ní ìrọ̀lẹ́, ẹ wá òdòdó tí yóò là lọ́jọ́ kejì: ó ti pọ́n yẹ́lò, orí rẹ̀ ti ń tú díẹ̀, kò sì tíì là. Akọ ní ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ gígùn. Abo ní elégédé kékeré lábẹ́ rẹ̀. Ẹ fi téèpù dí ẹnu akọ méjì àti abo kan, kí akọ wá láti ìdí mìíràn. Kó tó di aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ já akọ, ẹ bọ́ ewé òdòdó rẹ̀, ẹ ṣí abo, ẹ fi lẹ́búlẹ́bú akọ pa gbogbo orí abo yíká. Ẹ dí i padà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ẹ so òwú mọ́ ọrùn èso náà kí ẹ lè dá a mọ̀. Bí ó bá pọ́n tó sì já bọ́ láàárín ọjọ́ mélòó kan, kò mú. Ẹ tún ṣe òmíràn. Akọ ló máa ń kọ́kọ́ yọ, nígbà mìíràn fún ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, kí abo tó dé. Ẹ má bẹ̀rù.

Ẹ gba irúgbìn láti ara èso mẹ́ta ó kéré tán, tí ó wá láti ìdí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Kí èso ti wà nílẹ̀ bí oṣù kan lẹ́yìn tí ẹ ká a kí ẹ tó là á, irúgbìn á túbọ̀ gbó. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ sá a síbi tí atẹ́gùn ń fẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta, títí hóró á fi máa kán dípò kó máa tẹ̀. Nínú ìgò, níbi tó gbẹ tó sì tutù, ó máa ń yè fún ọdún 4 sí 6.

Ọ̀rọ̀ kan lórí pepo: bí ẹnikẹ́ni bá gba irúgbìn Acorn tó gbìn nítòsí elégédé ẹ̀ṣọ́, èyí tí wọ́n ń fi ṣe ọ̀ṣọ́ lásán, èso ọdún kejì lè korò. Kíkorò yẹn májèlé ni, sísè kò sì lè pa á. Ẹ tọ́ ọ wò ní tútù, bó bá korò ẹ tu ú jáde, ẹ sọ gbogbo rẹ̀ nù.

Ní ti Nàìjíríà, ọ̀pọ̀ elégédé ilẹ̀ olóoru ń dúró de ọjọ́ tí ìmọ́lẹ̀ bá kúrú kí wọ́n tó tanná. Ọjọ́ sọ́mà níbí gùn jù fún wọn. Wọ́n á so ewé títí, òdòdó á pẹ́, ìrì dídì á bá èso ní rírọ̀. Ẹni tó ń wá gbọ̀ọ̀rọ̀ láti fi se ẹ̀fọ́ kò ní kábàámọ̀, ẹni tó ń wá elégédé á kábàámọ̀. Òfin USDA, ilé iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí iṣẹ́ àgbẹ̀, sì wà lórí kíkó irúgbìn wọlé, ẹ gba ìwé rẹ̀ kí ẹ tó fi í sínú báàgì.

Àgbẹ̀Baltimore

Kí n fi ti kíká kún un, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń sọ elégédé nù. Ẹ tẹ èékánná mọ́ èèpo: bí ó bá wọlé, kò tíì gbó. Ọ̀pá ọrùn rẹ̀ náà gbọ́dọ̀ ti gbẹ. Ti Butternut, kí àwọ̀ ewé tó wà lára èèpo ti tán pátá. Ẹ gé e pẹ̀lú ínǹṣì 2 sí 3 ọrùn lára, ẹ má fi ọrùn yẹn gbé e, nítorí bí ó bá ti kán, ibẹ̀ ni yóò ti máa jẹrà.

Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ́ wọn síbi tó móoru, dígírì 80 sí 85, tí atẹ́gùn ń fẹ́, fún bí ọjọ́ 10, kí èèpo lè le. Acorn nìkan ni a kì í ṣe bẹ́ẹ̀ fún. Lẹ́yìn ìyẹn, dígírì 50 sí 55 ló dára jù. Basement sábà máa ń sún mọ́ ọn. Fìríìjì tutù jù, ó ń jẹ́ kí wọ́n bàjẹ́ láti inú. Ẹ má kó wọn ti ápù, afẹ́fẹ́ tí ápù ń tú jáde ń mú wọn tètè gbó jù. Kí wọ́n má fara kan ara wọn lórí sẹ́ẹ̀fù, kí ẹ sì máa yẹ̀ wọ́n wò lọ́sẹ̀ méjì méjì. Buttercup kì í pẹ́ tó Butternut, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ jẹ, lẹ́yìn tó bá ti lo ọ̀sẹ̀ mélòó kan nílẹ̀ tí adùn rẹ̀ ti wọlé.