Kí ló dé tí ooru fi pọ̀ tó báyìí nínú túùbù X-ray?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà tó mọ̀ nípa X-ray. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí n'Ìbàdàn, iṣẹ́ yíya àwòrán ara ni mò ń kọ́.

Olùkọ́ wa gbé ánóòdù àlòkù kan (irin inú túùbù tí X-ray ti ń jáde) wá sí kíláàsì. Ojú rẹ̀ tó jẹ́ irin tungsten ti sán, ó rí págunpàgun níbi tí àwọn ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ti ń kọlù ú. Tungsten tí kì í yọ́ àfi tí iná bá lé ní 3,400°C! Wọ́n ní nǹkan bí ìdá 99 nínú ọgọ́rùn-ún agbára àwọn ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù náà ló ń di ooru, X-ray ò ju bí ìdá kan lọ.

Ti bremsstrahlung yé mi: ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù sún mọ́ núkílíọ́ọ̀sì (àárín gbùngbùn átọ́ọ̀mù), ó yà bàrá, eré rẹ̀ dínkù, agbára tó pàdánù di X-ray. Ooru yìí gan-an ló dojú rú. Wọ́n ní àwọn ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ìpele òde nínú átọ́ọ̀mù tungsten ni àwọn tó ń wọlé kàn ń mì jìgìjìgì. Ṣé ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kan ṣoṣo tó wọlé lè ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà kó tó dúró? Kí ló dé tí ìyẹn ò fi di X-ray?

Ó ku ìbéèrè kan. Agbára tó so ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ìpele K (ìpele tó wà nínú jù lọ) mọ́ tungsten jẹ́ 69.5 keV (keV ni a fi ń wọn agbára ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù). Tá a bá wá ya àwòrán ọwọ́ ní 55 kVp (fólítéèjì túùbù tí kò lè fún ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ní ju 55 keV lọ), ṣé bremsstrahlung nìkan ló ń ya á, àbí X-ray láti ìpele L (ìpele tó tẹ̀ lé K) náà ń dé ara aláìsàn?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi là á yé. Tẹ́ ẹ bá lè fọwọ́ yà á sórí ìwé, inú mi á dùn gidigidi.