Ẹ bá mi wá oyè fáwọn tó ń ṣọ́ ìràwọ̀ nínú ìtàn mi, gbogbo èyí tí mo kọ ń dún bí orúkọ Ọlọ́run

Ìlẹ̀kẹ̀Ìràwọ̀ kọ ọ́ pé:

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin òǹkọ̀wé ẹgbẹ́ mi. Ọ̀rọ̀ kan ti ń dà mí láàmú láti bí oṣù méjì, mo ní kí n kó o wá síbí torí mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ti kọ irú ìtàn báyìí rí. Sáyẹ́ǹsì fíkṣọ̀n ni mò ń kọ, àmọ́ fántásì wà nínú ẹ̀ díẹ̀. Ìràwọ̀ pupa kékeré kan wà, pílánẹ́ẹ̀tì méje ló ń yí i po, ẹgbẹ́ kan wá wà tó jẹ́ pé iṣẹ́ wọn ò ju kí wọ́n máa ṣọ́ pílánẹ́ẹ̀tì méjèèje yẹn lọ, torí nǹkan kan wà nínú òkùnkùn tó ń gbé ìmọ́lẹ̀ mì, ibi tó bá ti gbà kọjá, èèyàn ò ní rí ìràwọ̀ kankan níbẹ̀ mọ́. Wọn ò ju ọgbọ̀n lọ. Àwọn kan wà nítòsí ìràwọ̀ náà, àwọn kan wà níta lọ́hùn-ún pátápátá.

Oyè wọn ni ìṣòro mi. Mo kọ́kọ́ pè wọ́n ní Aláàbò Àgbáńlá Ayé. Mo yí i sí Ọba Òfúrufú, mo tún gbìyànjú Olúwa Àwọn Ìràwọ̀. Mo wá fún ọ̀rẹ́ mi kan kà, kò tíì ka ojú ewé mẹ́ta tán tó fi bi mí pé ṣé orin ìyìn ni mò ń kọ ni. Ó dùn mí o, àmọ́ nígbà tí mo ka òun náà sókè, mo gbọ́ ohun tó gbọ́. Tí oyè bá ti tóbi tó sánmà lédè wa, Ọlọ́run ló ti ni ín. Ọba ọ̀run, Aláàbò, Olùṣọ́ àgùntàn, gbogbo ẹ̀ ti lọ. Tí mo bá sì fi Gẹ̀ẹ́sì pè wọ́n nínú ìtàn Yorùbá, ṣe ló máa ń dà bíi pé mo yá wọn wá látinú ìtàn ẹlòmíì, mi ò fẹ́ bẹ́ẹ̀ rárá.

Báwo lẹ ṣe máa ń dá irú oyè bẹ́ẹ̀ sílẹ̀? Mo fẹ́ kó ní ọ̀wọ̀, kó wúwo, àmọ́ kó hàn pé èèyàn tí ebi ń pa tí oorun ń kùn ló ń jẹ ẹ́. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má kàn to orúkọ ránṣẹ́, ẹ sọ bẹ́ ẹ ṣe débẹ̀ fún mi.

Akọ̀wéÒru fèsì:

Ìtàn yín ti wù mí kà o. Ohun tí mo rí ni pé òkè lẹ ti bẹ̀rẹ̀, ẹ fẹ́ kí oyè náà tóbi lọ́jọ́ tí wọ́n bí i, oyè gidi kì í sì í rí bẹ́ẹ̀. Ẹ wo àwọn tí wọ́n ń bẹ̀rù láyé. Marshal tí wọ́n fi ń pe ọ̀gágun àgbà, ìránṣẹ́ tó ń tọ́jú ẹṣin ló túmọ̀ sí nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Constable, inú èdè Látìn ló ti wá, ọ̀gá ilé ẹṣin ni. Lord ló wá pa mí jù, nínú Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ ẹni tó ń ṣọ́ búrẹ́dì ni, ẹ ṣáà gbọ́, aṣọ́búrẹ́dì! Nígbà tó fi máa di 1653 tí Oliver Cromwell gba oyè Lord Protector tó sì ń ṣàkóso England láìdé adé, ta ló tún ń rántí búrẹ́dì? Iṣẹ́ kékeré ni gbogbo wọn tẹ́lẹ̀, àwọn tó jẹ wọ́n ló gbé wọn ga.

Nítorí náà tí mo bá fẹ́ dá oyè sílẹ̀, ìbéèrè tí mo máa ń bi ara mi ni pé kí ni ẹni àkọ́kọ́ ṣe lọ́jọ́ àkọ́kọ́? Kì í ṣe ohun tí ẹgbẹ́ náà dà lẹ́yìn ẹgbẹ̀rún ọdún o, lọ́jọ́ àkọ́kọ́ gan-an. Nínú ìtàn tiyín, nǹkan kan ń gbé ìmọ́lẹ̀ mì. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ẹnì kan ló kọ́kọ́ gbé iná kan kalẹ̀ síta lọ́hùn-ún, tó jókòó tì í, kó lè mọ̀ tó bá kú. Ẹni yẹn, Atanná ni, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹgbẹ̀rún ọdún wá kọjá, Atanná ti ní ọkọ̀ òfúrufú ọgọ́rùn-ún lábẹ́, àwọn ọba pílánẹ́ẹ̀tì ń dìde tó bá wọlé, síbẹ̀ Atanná náà ni wọ́n ṣì ń pè é. Ẹ̀rù irú oyè yẹn máa ń bà mí ju Ọba Òfúrufú lọ, tọkàntọkàn ni mo fi sọ ọ́.

Ohun míì tó dáa ni pé "a" tá a fi ṣáájú ọ̀rọ̀ yẹn ò mọ akọ yàtọ̀ sí abo. Atanná lè jẹ́ ìyá àgbà, ó lè jẹ́ róbọ́ọ̀tì, ó tiẹ̀ lè jẹ́ nǹkan tí kò ní ara, ẹ ò sì ní láti yí lẹ́tà kan padà.

AwòSánmà fèsì:

Mo fara mọ́ Akọ̀wéÒru, àmọ́ ẹ jẹ́ n fi ti ojú sánmà kún un torí ibẹ̀ lèmi ti máa ń wá oyè.

Ẹ mọ ìràwọ̀ tí wọ́n ń pè ní Arcturus? Èdè Gíríìkì ni, "ẹni tó ń ṣọ́ béárì" ló túmọ̀ sí, torí lójú sánmà ẹ̀yìn àwọn ìràwọ̀ tí wọ́n ń pè ní Béárì Ńlá ló máa ń tọ̀ kiri. Òun náà olùṣọ́, ó sì mọ ohun tó ń ṣọ́, béárì kan ṣoṣo. Ẹ tún wo pílánẹ́ẹ̀tì Saturn. Àárín àwọn òrùka ẹ̀, òṣùpá kéékèèké wà níbẹ̀ tí àwọn onímọ̀ ń pè ní darandaran. Daphnis jẹ́ ọ̀kan lára wọn, kò fẹ̀ ju nǹkan bíi kìlómítà 8 lọ, àlàfo tó ń gbà kọjá fẹ̀ tó kìlómítà 42, òun nìkan ló ń jẹ́ kí àlàfo yẹn ṣí sílẹ̀, tó bá sì ti ń kọjá, etí òrùka á máa ru bí ìgbì omi. Nǹkan tó kéré tó báyẹn! Mo rò pé ẹni tí wọ́n bá ní ó ń ṣọ́ gbogbo àgbáńlá ayé, kò sẹ́ni tó máa gbà á gbọ́, àmọ́ ẹ ní "Ẹni tó ń ṣọ́ Àlàfo Kẹta", kíá ni màá bi yín pé kí ló wà nínú àlàfo ọ̀hún.

Ẹ tún gbọ́dọ̀ mọ ohun tí wọ́n ń ṣọ́ ọ lọ́wọ́ ẹ̀. Ní NASA, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òfúrufú nílẹ̀ Amẹ́ríkà, iṣẹ́ méjì ló wà tórúkọ wọn fẹ́ jọra. Ọ̀kan wà fún kòkòrò àìfojúrí, kí tiwa má bàa dé pílánẹ́ẹ̀tì míì, kí tibẹ̀ náà má bàa bá wa wálé. Ọ̀kan, tí wọ́n dá ọ́fíìsì ẹ̀ sílẹ̀ ní 2016, ti àwọn àpáta tó lè já lù wá ni. Ní September 2022 wọ́n tiẹ̀ fi ọkọ̀ DART kọ lu Dimorphos, àpáta kan tó ń yí òmíràn po, kò sí ewu kankan lọ́dọ̀ ẹ̀ o, wọ́n kàn fẹ́ mọ̀ bóyá ó ṣeé tì ni, ìyípo ẹ̀ tó jẹ́ wákàtí 11 àti ìṣẹ́jú 55 sì fi nǹkan bí ìṣẹ́jú 32 dínkù. Ẹ wò ó, aláàbò ni àwọn méjèèjì, ìkan ń ṣọ́ kí ohun tín-ín-tín má wọlé kó má sì jáde, ìkejì ń ti òkúta ńlá sẹ́yìn. Tẹ́ ẹ bá fún wọn ní oyè kan náà ẹ ti pàdánù ìjà tó dùn jù nínú ìtàn yẹn.

Ìràwọ̀ pupa yín sì rán mi létí TRAPPIST-1, ìràwọ̀ pupa kékeré kan tó wà lóòótọ́, pílánẹ́ẹ̀tì méje lòun náà ní. Wọ́n sún mọ́ ọn gan-an débi pé ọdún kan lórí èyí tó wà nínú jù jẹ́ ọjọ́ kan ààbọ̀ tiwa, tìta pátápátá ò ju bí ọjọ́ 19 lọ. Tẹ́ ẹ bá ní ẹnì kan jẹ oyè fún ọgọ́rùn-ún ọdún lórí pílánẹ́ẹ̀tì inú yẹn, oṣù márùn-ún péré nìyẹn o. Àmọ́ ẹni tó bá wà níta lọ́hùn-ún níbi tí ìmọ́lẹ̀ fúnra ẹ̀ máa lo ọdún kó tó dé, kò lè béèrè àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, òun nìkan ló máa pinnu. Adádúró ni màá pe tiẹ̀.

OhùnÌlù fèsì:

Ẹ má bínú o ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣáájú, mi ò gbà tán. Gbogbo ẹ̀ ti wá di kékeré kékeré báyìí. Ẹni tó ń ka fántásì ń retí kí orí òun wú, ìdí tó fi ra ìwé nìyẹn, tí wọ́n bá wá dé ojú ewé tí ìràwọ̀ ti ń kú tó jẹ́ "Atanná" ló jáde, ṣé ó máa tó? Èmi ò rò pé ìtóbi ni ìṣòro oyè tí Ìlẹ̀kẹ̀Ìràwọ̀ kọ. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé wọn ò sọ nǹkan kan. Ọba Òfúrufú, ó ń ṣe kí ni?

Ẹ fún wọn ní méjì. Èyí tó gùn, ọjọ́ tí wọ́n bá ń fi wọ́n jẹ oyè àtọjọ́ tí wọ́n bá ń sin wọ́n nìkan ni wọ́n máa pè é, èyí tó kúrú ni wọ́n máa fi pè wọ́n wá sídìí iṣẹ́. Ẹ tẹ́tí sí i: Alóre Ẹnu Òkùnkùn, Ajíṣọ́nà-má-tòògbé, Adádúró Níbi Ohùn Ò Dé. Ẹ kà á sókè, ẹ ò gbọ́ bó ṣe ń rìn? Kò sì jọ orúkọ Ọlọ́run, torí Ọlọ́run kì í tòògbé, kò sídìí tí wọ́n á fi máa yìn ín pé ó gbìyànjú. Èèyàn là ń yìn báyẹn. Alóre gan-an, ọ̀rọ̀ àtijọ́ tá a ti ń gbàgbé ni, ẹni tó gòkè lọ wo ọ̀nà jíjìn kó lè ké tó bá rí nǹkan, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá wa gbé e dìde.

Ẹ tún ronú sí orúkọ tí ọ̀tá ń pè wọ́n. Nǹkan tó ń gbé ìmọ́lẹ̀ mì yẹn ò ní pè wọ́n ní Alóre láé. Ègé Iná ló máa pè wọ́n, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ oúnjẹ.

Ìlẹ̀kẹ̀Ìràwọ̀ fèsì:

Ègé Iná! Ara mi bù máṣọ. Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ ṣeun gan-an, gbogbo yín. Mo ń rò ó pé àwọn tó wà nínú máa jẹ́ Aṣọ́ná torí iná ni wọ́n ń ṣọ́, tìta máa jẹ́ Alóre. Tí ọ̀kan bá kú, ẹni tó bá di ipò ẹ̀ mú kí wọ́n tó yan òmíràn á jẹ́ Adelé. Ṣé ó dáa bẹ́ẹ̀?

ÀmìOhùn fèsì:

Ó dáa gan-an, Adelé yẹn tiẹ̀ lè di ìtàn lọ́tọ̀, ẹni tó ṣe adelé fún ogójì ọdún tí wọn ò fi í jẹ ẹ́. Ẹ jẹ́ n sọ̀rọ̀ àmì ohùn kí ẹ tó lọ, torí mo ti rí ìwé tí wọ́n tẹ̀ láìfi àmì sí i, gbogbo oyè inú ẹ̀ bàjẹ́. "Olú" tó ní àmì òkè, olórí nìyẹn. "Olù" tó ní àmì ìsàlẹ̀ ló ń sọ ìṣe di ẹni tó ń ṣe é, olùṣọ́, olùkọ́. Tẹ́ ẹ bá yọ àmì kúrò, òǹkàwé ò mọ̀ bóyá ọ̀gá ló ń kà nípa ẹ̀ àbí òṣìṣẹ́. Ẹ má sì lo Aṣọ́bodè, bó ṣe dùn tó yẹn, kọ́stọ̀ọ̀mù ló máa wá sí wọn lọ́kàn.

Èyí tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ wò dáadáa ni Aṣọ́ná tẹ́ ẹ mú yẹn. Aṣọ́ná, iná ló ń ṣọ́. Aṣọ́nà, ọ̀nà ló ń ṣọ́. Àmì kan péré ló wà láàárín wọn. Tó bá jẹ́ pé ìwé tí ẹni àkọ́kọ́ kọ sílẹ̀ ò ní àmì ńkọ́? Ẹgbẹ́ yín lè ti pín sí méjì láti ẹgbẹ̀rún ọdún, àwọn kan ní iná lẹni àkọ́kọ́ ní ká máa ṣọ́, ká má kúrò nídìí ẹ̀ láé, àwọn kan ní rárá, ọ̀nà ló ní ká ṣọ́, ká jáde lọ pàdé nǹkan yẹn kó tó dé. Oyè kan náà ni wọ́n ń jẹ, bí wọ́n ṣe ń pè é lẹ máa fi mọ ẹni tó wà lẹ́yìn ta.

Ìlẹ̀kẹ̀Ìràwọ̀ fèsì:

Mi ò lè sùn lẹ́yìn tí mo ka èyí. Mo dìde, mo pa gbogbo Ọba Òfúrufú inú orí kìíní rẹ́, mo bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ lákọ̀tun. Àwọn méjèèjì máa wà níbẹ̀, ọmọdé kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mú wá ló máa kọ́kọ́ ṣi oyè náà pè níwájú àwọn àgbà, kò sì ní mọ ohun tó ṣe. Alóre wà níta lọ́hùn-ún bí OhùnÌlù ṣe wí, oyè gígùn yẹn sì di ọjọ́ ìsìnkú, mo tọrọ ẹ̀ lọ́wọ́ yín o. Gbólóhùn tó ṣí ìwé náà báyìí ni: "Wọ́n pe Alóre kejìlá lẹ́ẹ̀mẹta, kò dáhùn, bẹ́ẹ̀ iná ẹ̀ ṣì ń jó."