Ìwé ìrìnnà Amẹ́ríkà mi ti di wàhálà ní báǹkì Jámánì, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Houston ni wọ́n bí mi sí, ọmọ Ìjẹ̀bú ni bàbá mi, iṣẹ́ ló gbé mi wá sí Berlin. Mo lọ ṣí àkáǹtì tí màá fi máa ra ṣíà, ìyẹn ìpín nínú ilé iṣẹ́. Ọmọbìnrin tó dá mi lóhùn ń rẹ́rìn-ín, ó ń tẹ kọ̀ǹpútà lọ, àfi ìgbà tó dé ibi tí wọ́n ti ń béèrè ìlú tí wọ́n bí mi sí. Ẹ̀rín bá pòórá. Ó ní àwọn kì í gba ọmọ Amẹ́ríkà. Òfin FATCA ti ọdún 2010 ló fà á: báǹkì òkèèrè ní láti máa ròyìn àkáǹtì wa fún ìjọba Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ wọn ò sì fẹ́ ìyọnu.

Èmi náà ṣì ń kọ̀wé owó orí ránṣẹ́ sí Amẹ́ríkà lọ́dọọdún, bẹ́ẹ̀ mo ń san ti Jámánì. Bí owó mi níbí bá ti lé ní $10,000 pẹ́nrẹ́n, FBAR tún ń bẹ nílẹ̀, ìyẹn fọ́ọ̀mù tá a fi ń sọ àkáǹtì òkèèrè wa fún ìjọba Amẹ́ríkà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní irú ìwé yìí ní Yúróòpù, báwo lẹ ṣe ń ṣe é? Ṣé kí n máa fi àkáǹtì Houston ra ṣíà ni? Ẹ̀rù ń bà mí kí wọ́n má lọ tì í nítorí àdírẹ́sì mi tó wà ní Jámánì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ pé kí n dá ìwé wọn padà o, màmá mi ṣì wà níbẹ̀.